Ta Ló Kọ́kọ́ Jẹ́ Hẹn?

Ọmọ mi ló sanwó asun. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, nínú oṣù Kẹjọ tí iṣu tuntun ti kún Ọjà Ọba ní Adó. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná mi, ó ń bẹ iṣu, èmi ń rẹ́ ẹ̀fọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń fẹ́ra. Mo ti fura tipẹ́. Bí ọmọ ọdún 26 bá ń rẹ́rìn-ín sí fóònù láago mọ́kànlá òru, ìyá rẹ̀ kò nílò aríran. Ó ní ará Òmùò ni, pé àwọn jọ lọ yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ ṣùgbọ́n àwọn kò mọra nígbà náà. Ó ní àwọn jáde lọ jẹ asun lọ́jọ́ Ẹtì. Mo béèrè iye tí wọ́n ń ta asun báyìí. Kì í ṣe asun ni mo ń béèrè o, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ahun ni ọmọkùnrin náà ni.

“7,500 náírà pẹ̀lú ohun mímu,” ó ní. “Mo san 4,000, òun san 3,500. Òun náà ló sanwó ọkọ̀.”

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ìwọ lo sanwó?”

“A jọ san án ni, Mọ́mì.”

“Ta ló kọ́kọ́ dẹnu kọ ẹnìkejì?”

Ó tẹjú mọ́ iṣu tó ń bẹ. “Èmi ni.”

Ó wá tú u palẹ̀. Lórí WhatsApp àwọn tó jọ jáde ní yunifásítì ni ó ti rí ọ̀rọ̀ kan tí ọmọkùnrin náà kọ, ó pa á lẹ́rìn-ín, ó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i níkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń takurọ̀sọ, ó kọ̀wé sí i pé, “Mo fẹ́ràn rẹ. Bí ìwọ kò bá fẹ́ràn mi, sọ fún mi kí n tètè gbójú kúrò, torí iṣẹ́ ń bẹ níwájú mi.” Báyẹn gan-an ló ṣe kọ ọ́. Ó fi hàn mí. Èsì ọmọkùnrin náà kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: “Hẹn.”

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ó yẹ kí ẹ mọ iṣẹ́ mi. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, olùkọ́ ni mí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, alága ìjókòó ni mí, ó sì ti di ọdún 16 tí mo ti ń gbé maikirofóònù láti Ìlawẹ̀ dé Òmùò. Èmi ni mo ń gba owó ìkanlẹ̀kùn kí n tó jẹ́ kí àwọn ará ilé ọkọ wọlé. Èmi ni mo ń sọ pé ilẹ̀ kò gbọ́ ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, kí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún un dọ̀, títí dé ìgbà tí aṣọ funfun wọn á fi gba erùpẹ̀. Èmi ni mo ń pe owó baba gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìyàwó ilé, owó ọmọ ilé. Bí àbúrò ìyàwó bá sì ka lẹ́tà ìtọrọ, ẹ ti mọ ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀: wọ́n rí òdòdó kan tó ń tàn nínú ọgbà wa, wọ́n fẹ́ já a. Lẹ́tà yẹn kan náà ni mo ti ń gbọ́ láti ọdún 16, bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́ fún gbogbo Èkìtì.

Òdòdó kì í rìn. Lórí èyí ni gbogbo iṣẹ́ mi dúró. Ọmọ alága wá fa ara rẹ̀ tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó rìn lọ bá ará Òmùò.

Mo bínú. Mo ní ọkùnrin tí obìnrin bá dẹnu kọ kò ní bọ̀wọ̀ fún un láéláé. Ọmọ náà wò mí, kò gbóhùn sókè rárá. “Mọ́mì, ṣé ẹ ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan ni, àbí ẹ kàn gbọ́ ọ?”

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo gbé fóònù, mo pe màmá mi ní Ìkọ̀lé, kí wọ́n bá mi bá a wí. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n ní, “Ó mà jọ ìyá mi o.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Ìkọ̀lé. Bí mo ṣe parí ni mo yà sílé wọn pẹ̀lú gèlè lórí. Màmá ti pé ọdún 73, etí wọn ṣì mú, orí wọn sì pé. Wọ́n ní kí n ṣí gèlè kí n lè gbọ́ràn dáadáa.

Ohun tí mo mọ̀ nípa Màmá Àgbà kò ju pé wọ́n hun kíjìpá lọ, pé “ulé” ni wọ́n ń pe ilé títí wọ́n fi kú ní 2011, pé wọ́n sì ti ní ọkọ kan rí kí wọ́n tó fẹ́ bàbá àgbà wa. Ikú ni mo rò pé ó ya àwọn àti ọkọ àkọ́kọ́ yẹn. Màmá ní ikú kọ́.

Wọ́n ti fi Màmá Àgbà fún ẹnì kan láti kékeré. Ọdọọdún tí ọdún ìlú bá dé ni ọkùnrin náà ń gbé iṣu wá, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko bàbá wọn. Nígbà tí àkókò tó, wọ́n pe Màmá Àgbà kí wọ́n wá jẹ́ hẹn. Láyé ìgbà náà, wọn kì í fo ìyẹn. Ìjọ́hẹn ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní ìṣíhùn: ọmọbìnrin á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà, ẹbùn sì wà tí wọ́n ń fún un nítorí ohùn tó ṣí. Màmá Àgbà jẹ́ hẹn. Ta ni kò ní jẹ́ ẹ lẹ́yìn tí ènìyàn ti ro oko bàbá rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà?

Ilé yẹn kò tù wọ́n lára. Ọkọ kì í lù wọ́n, owó kíjìpá wọn ló ń kó. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ kíjìpá, aṣọ òwú nínípọn ni, obìnrin ló ń hun ún lórí òfì tó dúró gbọnran mọ́ ògiri, kì í ṣe bí aṣọ òkè tí ọkùnrin ń jókòó hun tí ó ń fa gígùn lọ lórí ilẹ̀. Obìnrin tó bá ní òfì ní owó lọ́wọ́. Ọjọ́ tí Màmá Àgbà máa kúrò níbẹ̀, òfì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, kí wọ́n tó padà wá kó aṣọ ara wọn.

Màmá wá dá ọ̀rọ̀ dúró, wọ́n ní kí n bu omi fún àwọn. Wọ́n mu ún tán kí wọ́n tó máa bá a lọ.

Ẹnì kan wà tó ń ta òwú fún Màmá Àgbà lọ́jà. Kò sọ nǹkan kan fún wọn rí ju iye òwú lọ. Ọjọ́ ọjà kan ni Màmá Àgbà bá sọ fún un pé, “Mo ti rí ọ. Bí o bá lè dá owó orí mi padà, mo ń bọ̀.” Ọkùnrin náà lọ ta kòkó ọdún kan. Láyé òyìnbó, kóòtù ìbílẹ̀ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí obìnrin bá ní òun kò fẹ́ ọkọ òun mọ́, ẹni tó fẹ́ gbé e ló máa san owó orí padà fún ti àkọ́kọ́, tí ọ̀rọ̀ á sì parí. Àwọn baálé ilé àti àwọn ìjòyè ráhùn lórí kóòtù yẹn títí, wọ́n ní ó ń tú ilé ká, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kò yéé lọ. Bàbá tó ń ta òwú ka owó náà lójú akọ̀wé kóòtù. Bàbá àgbà wa nìyẹn. Ní 1952 wọ́n bí Màmá.

“Báyìí,” ni Màmá wí, “ta lo rò pé ó dẹnu kọ ta?”

Ẹ má jẹ́ kí n mú un dùn ju bó ṣe rí lọ. Màmá Àgbà fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀ sílé ọkọ àkọ́kọ́, torí ọmọ baba ni ọmọ. Bàbá kan wà tí a máa ń lọ kí ní Ìlúpéjú ní gbogbo ọdún Kérésì nígbà tí a wà ní kékeré, tí Màmá Àgbà máa ń gé ẹran tó dára jù fún, tí wọ́n á sì jókòó máa wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́. Mo rò pé ìbátan ọ̀nà jíjìn ni. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni.

Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún wa. Màmá ní ojú ń ti àwọn. Nígbà tí àwọn wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, àwọn ọmọ kan a máa pè wọ́n ní “ọmọ owó kóòtù.” Nítorí náà, nígbà tí Màmá di olùkọ́ Gíréèdì Tuu, tí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà sí wọn, ìkẹrin ni wọ́n tó dá lóhùn, ìlà mẹ́ta péré sì ni wọ́n kọ. Lẹ́tà mọ́kànlá ló wà nínú agolo Bournvita lábẹ́ ibùsùn wọn títí dòní. Mo ka méjì. Bàbá mi, tí mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn kan lẹ́nu wọn rí láyé wọn, kọ ọ́ síbẹ̀ pé oorun kò kun àwọn láti ọjọ́ ìpàdé àwọn olùkọ́ ní Ìfàkì. Màmá ní àwọn náà kò sùn. Wọn kò kàn kọ ọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwọn jọ ìyá àwọn.

Ohun tó yí inú mi padà gan-an nìyí. Mo ti rò pé ńṣe ni ayé ń ṣí díẹ̀díẹ̀: pé àwọn ìyá àgbà wa ni ẹnu wọn pa jù, ti ìyá wa sàn díẹ̀, tiwa sàn sí i, ti àwọn ọmọ yìí wá ṣí gbayawu. Kò rí bẹ́ẹ̀ nílé wa. Màmá Àgbà sọ tẹnu wọn lójú ọjà. Èmi àti ìyá mi ni a fi èdìdì dì í. Ọmọ mi ló tún un ṣí, kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣí i rí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ní 1997, Èkìtì kò tíì pé ọdún kan dáadáa tó di ìpínlẹ̀, mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Bàbá àwọn ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Adó. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń wọkọ̀ wá. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀, ohùn rẹ̀ ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Oṣù méje ni mo fi ń sọ fún un pé mi ò tíì ronú sí i. Nígbà mìíràn mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé, màá wá rán ọ̀rẹ́ mi pé kó lọ sọ fún un pé n kò sí. Ó máa ń fi ìwé pélébé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá alákàrà ẹnu ọ̀nà. Ìyá yẹn ń kà á kí n tó kà á, òróró ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, kò wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá. Ìkẹta, mo sunkún nínú àwọ̀n ẹ̀fọn kí àwọn tó kù nínú yàrá má baà gbọ́. Kò sí fóònù. GSM kò dé Nàìjíríà títí di 2001. Ọkọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ sí Adó kì í gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, mo sì mọ ilé tó ń gbé. N kò lọ. Obìnrin kì í wá ọkùnrin lọ sílé. Àṣé ibà ló dá a dùbúlẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún méjìlá ń se ẹ̀kọ fún un. Nígbà tó padà wá, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo jẹ́ hẹn, mo sì ṣe bí ẹni pé mo ń ṣàánú rẹ̀ ni.

Ohun tí wọ́n fi kọ́ mi yẹn náà ni mo gbé dé orí maikirofóònù. Mo máa ń sọ fún ìyàwó nígbà tó bá kúnlẹ̀ pé, “Ọ̀rọ̀ yàrá kì í dé pálọ̀ o. Bó bá gbá ọ létí, sọ pé ẹ̀fọn ni.” Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Ìyàwó kan wá bá mi nílé, ó lé díẹ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ̀. Ojú rẹ̀ òsì ti wú pa. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo wá béèrè bóyá mo lè sọ báyìí.”

Òfin tó de ìwà ipá sí obìnrin ti wà ní Èkìtì láti 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, mo sì ń fi í pa àwàdà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Láti ọjọ́ yẹn mi ò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn mọ́. Àwọn kan ti ń sọ pé iṣẹ́ mi kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ má rò pé mo ti gbà fún yín tán. Mo ń rí àwọn ọkùnrin yín tó mọ “ká jọ pín in” lẹ́nu. Obìnrin á san ìdajì owó ilé, á san ìdajì owó ilé ẹ̀kọ́, ìrọ̀lẹ́ á lẹ́, òun nìkan ni á gún iyán. Ìdọ́gba ti dé inú àpò, kò tíì dé ìdí odó. Ó sì ń yà mí lẹ́nu, torí ẹ wọ bukátéríà èyíkéyìí ní Adó, ọkùnrin abarapá méjì ló dúró ti odó níbẹ̀ tí wọ́n ń gún un kíkankíkan. Bí wọ́n bá ń sanwó fún un, ọwọ́ ọkùnrin gbà á. Bó bá di ti ilé, apá á máa ro wọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí ará Òmùò máa wá kí wa, mi ò ṣètò ìrẹsì. Màmá ti ti Ìkọ̀lé dé láti àná rẹ̀. Ọmọkùnrin náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà.” Ó ga, ó tín-ín-rín, bàtà rẹ̀ mọ́. Mo ní kó bọ́ bàtà yẹn kó tẹ̀ lé mi lọ sẹ́yìnkùlé. Mo gbé ọmọ odó lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wá kí wa dìde lórí àga. Ó ní kí ni irú eléyìí, pé àna ni mo fẹ́ sọ di ẹrú, obìnrin ló dẹnu kọ ọkùnrin, ọkùnrin ló wá ń gúnyán, ṣé ayé ti dorí kodò ni? Mo ní nínú ìpínlẹ̀ tí obìnrin mẹ́rin ti ṣe igbákejì gómìnà láti 2005, kí wọ́n jọ̀ọ́ jókòó kí iyán má baà tutù. Wọ́n jókòó. Ebi ń pa wọ́n.

Iyán ará Òmùò ní kókó. Mo ń sọ òtítọ́. Ó kọ́kọ́ gún un bí ẹni tó ń pa ejò, iṣu kan fò jáde, adìyẹ gbé e. Ọmọ mi dúró tì í, ó ń fi í rẹ́rìn-ín, ó wá di odó mú fún un, ó ń sọ fún un pé kó jẹ́ kí iṣu gba ara wọn kó tó fi agbára sí i. Ó gbọ́. Ohun tí mo wò nìyẹn o. Ó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ṣàríyànjiyàn, kò wojú wa bóyá à ń wò ó. Nígbà tó fi máa parí, òógùn ti bo gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀, iyán náà sì ń fà, bí a bá yọ ti kókó kúrò.

Bí a ti jẹun tán, Màmá pe ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní àwọn ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ kan láti Ìkọ̀lé. Ẹni tó bá dẹnu kọ ènìyàn ló ń san owó ìṣíhùn, bó ṣe wà látijọ́ nìyẹn. Ìwọ lo dẹnu kọ ọ́, òun ló jẹ́ hẹn. O jẹ ẹ́ lówó.

A rò pé àwàdà ni. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gbé fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, fóònù ará Òmùò sì dún nínú àpò rẹ̀: 2,000 náírà. Ó wò ó, ó wo Màmá, ó wo ọmọ mi, ó tún dọ̀bálẹ̀ láìmọ ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún.

Ọkọ mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti àárọ̀. Orí àga wọn ni wọ́n wà, wọ́n ń fi igi tayín. Wọ́n wá fi ohùn wọn tí kì í jí ọmọ béèrè pé oṣù méje ti Ìkẹ́rẹ́ ńkọ́, ta ló máa san tàwọn.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà àkáǹtì wọn.